Ẹmu Ni Àbí Ògùrọ̀? Orúkọ Méjì Tí "Pámì" Fẹ́ Gbé Mì

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti gboyè jáde, ìbéèrè kan ni mo gbé wá lónìí. Bí wọ́n bá bu ohun mímu funfun tó ń hó sínú ife fún yín níbi àpèjẹ, kí ni ẹ máa pè é? Mo bi àwọn tí a jọ ń gbé ilé kan náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní "pámì". Àwọn kan ní "palmwine", bí ẹni pé òyìnbó ló kọ́kọ́ dá a. Àwọn díẹ̀ ní "ẹmu". Ẹnì kan ṣoṣo ló bi mí padà, ọmọ Ìkálẹ̀ ni: "Èwo lò ń sọ gan-an? Ṣé ti ọ̀pẹ ni àbí ti inú àbàtà?"

Ọmọ Ìkálẹ̀ yẹn ló mọ ohun tó ń sọ. Igi méjì ni ọ̀rọ̀ yìí, ohun mímu méjì sì ni. Àwọn bàbá wa kò fi orúkọ kan pè wọ́n.

Igi kìíní ni ọ̀pẹ tí gbogbo wa mọ̀, Elaeis guineensis, èyí tó ń so ẹyìn tí a fi ń ṣe epo pupa. Kò sí ẹni tó ń gbé Ifẹ̀ tí kò tíì rí i: ó wà lóko, ó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹmu ni ohun tí à ń rí lára rẹ̀. Igi kejì ni igi ògùrọ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Raphia hookeri. Ìbátan ọ̀pẹ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀pẹ, kì í sì í so ẹyìn. Inú àbàtà àti etí odò ni ó fẹ́ràn láti máa gbé. Lára ewé rẹ̀ ni a ti ń bó ìko tí a fi ń hun nǹkan, tí a sì fi ń di ẹrù. Ewé ọ̀hún gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀, Raphia regalis, fi ní ewé tó lè gùn tó mítà 25. Kò sí ewé tó tún gùn tó bẹ́ẹ̀ láàrin gbogbo ewéko ayé. Èyí kò kan ẹmu, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi láti sọ ọ́.

Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì jù wà nínú bí a ṣe ń dá wọn.

Bí ó bá jẹ́ ti ọ̀pẹ, adẹ́mu yóò fi ìgbà kọ́ ara rẹ̀ mọ́ igi, yóò sì gùn ún dé ibi tí imọ̀ ti pín. Ọ̀pẹ kan náà ló máa ń yọ òdòdó akọ àti òdòdó abo, ní àkókò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ti akọ ni adẹ́mu ń wá, kí ó tó là. Yóò gé ṣóńṣó rẹ̀, yóò gbé akèrègbè sí i (kẹ́ẹ̀gì tàbí ike ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò báyìí), yóò sì sọ̀kalẹ̀. Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ ni yóò máa padà lọ láti gbé èyí tó ti ro sílẹ̀, yóò sì tún fi ọ̀bẹ fá ojú ọgbẹ́ náà díẹ̀ kí ó má baà dí. Igi náà kò ní kú. Bí òdòdó yẹn bá gbẹ, òmíràn yóò yọ lọ́jọ́ iwájú. Ewu tó wà níbẹ̀, orí adẹ́mu ló wà: bí ìgbà bá já, tàbí tí ẹsẹ̀ bá yọ̀, kò sí ohun tó máa gbà á àfi ilẹ̀. Àwọn ibòmíràn wà tí wọn kì í gun ọ̀pẹ rárá. Ní Ghana, ọ̀pọ̀ adẹ́mu a máa gé ọ̀pẹ lulẹ̀, wọn a gbẹ́ ihò sí ara rẹ̀ níbi tó sùn sí, wọn a sì máa gba omi rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí yóò fi tán.

Ti ògùrọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ìgbà kan ṣoṣo ni igi ògùrọ̀ máa ń yọ òdòdó láyé rẹ̀. Bí ó bá ti yọ òdòdó, tí ó so èso, ó di kíkú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a ti bẹ́ ìdì lórí rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò máa kó oúnjẹ pamọ́ sínú ara rẹ̀ de ọjọ́ ìtànná kan ṣoṣo yẹn. Ìdí nìyí tí ọgbọ́n adẹ́mu ògùrọ̀ fi dá lórí ojú. Ó gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí igi ń múra àtiyọ òdòdó: ewé tuntun orí rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú sí i, èyí tó sì mọ̀ ọ́n wò kì í ṣì í. Nígbà náà ni yóò gé ọ̀gọmọ̀ orí igi, tí omi dídùn tó yẹ kó lọ sínú òdòdó àti èso yóò máa ro sínú kẹ́ẹ̀gì. Bí ó bá tètè gé e jù, omi kò ní pọ̀. Bí ó bá pẹ́ jù, igi ti ná owó rẹ̀ tán. Omi náà lè máa wá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí di oṣù bíi mélòó kan, ó sì máa ń pọ̀ ju ti ọ̀pẹ lọ lóòjọ́. Lẹ́yìn èyí, igi náà kú.

Òótọ́ ni pé yóò kú náà bí a kò bá dá a. Ṣùgbọ́n ìbá ti so kí ó tó kú. Igi tí a dá kì í so. Bí gbogbo igi ògùrọ̀ inú àbàtà kan bá bọ́ sọ́wọ́ adẹ́mu kí wọ́n tó so, níbo ni èso tí yóò hù lọ́dún mẹ́wàá sí i ti máa wá? Ẹ tún wá fi kún un pé àbàtà gan-an ni à ń fi yẹ̀pẹ̀ dí láti kọ́ ilé àti ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pẹ ní ẹni tó ń gbìn ín, ó tilẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí tirẹ̀, NIFOR, nítòsí Benin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1939. Wọ́n ń ṣe ìwádìí ìko níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n èmi kò tíì pàdé àgbẹ̀ kan tó sọ fún mi pé òun ń gbin ògùrọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá wọ ibi tí iṣẹ́ wa wà, ìyẹn inú ọ̀rọ̀.

"Ẹmu" ní ìtumọ̀ méjì. Ìtumọ̀ tó gbòòrò kó gbogbo ohun mímu irú èyí pọ̀, tí ògùrọ̀ fi jẹ́ irú ẹmu kan. Ìtumọ̀ tó há, ti ọ̀pẹ nìkan ni: "Ẹmu ni, kì í ṣe ògùrọ̀." Àwọn tó ṣe kọ́ọ̀sì ìtumọ̀-ọ̀rọ̀ yóò rántí pé kò sí ohun àjèjì nínú kí ọ̀rọ̀ kan jẹ́ orúkọ ìdílé kí ó sì tún jẹ́ orúkọ ọmọ kan nínú ìdílé náà. Ìtumọ̀ gbígbòòrò yìí náà ló hàn nínú orúkọ iṣẹ́. A-dá-ẹmu: ìpajẹ fáwẹ̀lì mú /a/ inú "dá" kúrò, ohùn òkè rẹ̀ kò bá a lọ, ó bọ́ sórí /ẹ/, ó di "adẹ́mu". Ẹni tó ń tà á ni "ẹlẹ́mu", láti ara "oní" àti "ẹmu", níbi tí /n/ ti di /l/ gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń rí i nínú "ẹlẹ́ja" àti "aláṣọ". Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí èyí: yálà ọ̀pẹ ló ń dá tàbí ògùrọ̀, adẹ́mu la máa ń pè é. Èmi kò tíì gbọ́ "adógùrọ̀" rí, ẹni tó bá ti gbọ́ ọ kó kọ̀wé sí wa.

"Pámì" ní tirẹ̀, ọmọ àná ni. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wọlé, Yorùbá kò fẹ́ kọ́ńsónáǹtì ní ìparí sílébù, ó fi fáwẹ̀lì tì í lẹ́yìn, ìyókù ọ̀rọ̀ náà sì dànù. Ọ̀rọ̀ àyálò kì í ṣe ọ̀tá mi. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé Gẹ̀ẹ́sì tí a yá a lọ́wọ́ rẹ̀ kò mọ igi méjì yàtọ̀. "Palm" ni ọ̀pẹ, "palm" ni ògùrọ̀, "palm" ni àgbọn. Nígbà tí a bá gba "pámì" tí a sì jẹ́ kí "ògùrọ̀" lọ, kì í ṣe orúkọ nìkan ló lọ. Ìbéèrè "ti inú igi wo ni?" náà bá a lọ.

Àwọn aládùúgbò wa kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Igbo ní "mmanya" fún ọtí lápapọ̀, ṣùgbọ́n "ngwo" ni ti ògùrọ̀, "nkwu" sì ni ti ọ̀pẹ, ẹ kò sì lè fi ọ̀kan tan àgbàlagbà jẹ níbi ìdána. Àwọn Akan ní Ghana wo àwọ̀ rẹ̀ ní tiwọn: "nsafufuo" ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ọtí funfun.

Ọtí funfun yìí ló gbé mi dé ibi tí n kò rò pé mo máa dé. Ní etí òkun Mẹditaréníà, èso àjàrà kan wà tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì funfun. Ní erékùṣù Sardinia, Vermentino ni orúkọ rẹ̀. Ní Liguria, ní àríwá Ítálì, Pigato ni wọ́n ń pè é. Ní Piedmont, Favorita. Bí ẹ bá sọdá sí Provence ní ilẹ̀ Faransé, ó di Rolle. Ó pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti gbà pé èso ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, àfi ìgbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹ DNA wọn wò tí wọ́n rí i pé igi kan náà ni. Tiwọn wá jẹ́ òdìkejì tiwa: igi kan, orúkọ mẹ́rin, àwa ní igi méjì, a sì fẹ́ fi orúkọ kan tó wọn. Síbẹ̀ wọn kò ju ìkankan nínú orúkọ mẹ́rin náà nù. Òfin Ítálì tilẹ̀ dáàbò bo òmíràn: láti 1996 ni wáìnì Vermentino di Gallura ti wà ní ipò tó ga jù lọ tí ìjọba wọn ń fún wáìnì, kò sì sí ẹni tó lè kọ orúkọ yẹn sára ìgò bí èso rẹ̀ kò bá wá láti agbègbè Gallura. Nínú Bíbélì Yorùbá, "àjàrà" ni igi náà, "wáìnì" sì ni ohun mímu rẹ̀. Àwọn olùtumọ̀ kò pè é ní ẹmu. Wọ́n mọ̀ pé ohun tó wá láti inú igi ọ̀tọ̀, orúkọ ọ̀tọ̀ ló yẹ ẹ́.

Kí ló dé tí wáìnì Sardinia fi lè gun ọkọ̀ òkun dé Èkó láìbàjẹ́, tí ẹmu Ifẹ̀ kò sì lè sùn di ọ̀túnla? Omi tó ń ro láti ara ọ̀pẹ tàbí ògùrọ̀ kì í funfun níbẹ̀rẹ̀. Ó mọ́ gaara, ó sì dùn bí omi ṣúgà, nítorí nǹkan bí ìdá 10 sí 12 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ṣúgà. Ṣùgbọ́n kí ó tó kúrò lórí igi ni ìwúkàrà ti wọ inú rẹ̀, láti inú afẹ́fẹ́, láti ara òdòdó, àti láti inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná tó kù nínú akèrègbè. Saccharomyces cerevisiae ni olórí wọn, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì tí wọ́n sì fi ń ṣe wáìnì. Bakitéríà oríṣiríṣi tún wà níbẹ̀. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ṣúgà, wọ́n ń bí sí i, wọ́n ń tú afẹ́fẹ́ jáde, òun ló ń fa ìfófòó. Funfun tí ẹ sì ń rí yẹn, ara àwọn ohun abẹ̀mí kéékèèké wọ̀nyí gan-an ni, wọ́n pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé omi náà dà bí wàrà.

Ní ìwọ̀n wákàtí 12, ọtí inú rẹ̀ lè ti tó ìdá 3 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ilẹ̀ bá tún mọ́ sí i, bakitéríà mìíràn yóò gba ìjọba, wọn yóò sọ ọtí di ohun kíkan, ẹmu á sì máa lọ sọ́nà fínígà. Èso àjàrà ní tirẹ̀ ní ṣúgà tó lé ní ìlọ́po méjì èyí nígbà púpọ̀. Ọtí inú wáìnì máa ń tó 12 tàbí 13, wọ́n sì ń dí i pa kí afẹ́fẹ́ má baà bà á jẹ́. Àwọn onímọ̀ wa kò fọwọ́ lẹ́rán: NIFOR àti FIIRO ní Òṣòdì ti ṣe iṣẹ́ lórí bí a ṣe lè fi ooru pa ìwúkàrà inú ìgò kí ẹmu lè pẹ́ lórí àtẹ. Ó ń pẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹmu tí kò hó mọ́, lójú tèmi, ó dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.

A kò lè sọ̀rọ̀ ẹmu ní Ilé-Ifẹ̀ kí á má dárúkọ Ọbàtálá. Ìtàn tí a gbọ́ ni pé òun ni Olódùmarè fi iṣẹ́ dídá ilé ayé rán, ó mu ẹmu lójú ọ̀nà, oorun gbé e lọ, Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Títí dòní, ẹmu jẹ́ èèwọ̀ fún àwọn olórìṣà Ọbàtálá. Èyí tí n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè ní ògùrọ̀ nínú ìtàn yẹn: ẹmu ọ̀pẹ ni, nínú gbogbo ọ̀nà tí wọ́n gbà sọ ọ́ fún mi. Ọ̀pẹ náà ló wà nínú ìwé Amos Tutuola tó jáde ní 1952, níbi tí bàbá ti fún ọmọ rẹ̀ ọ̀mu ní oko tí ọ̀pẹ 560,000 wà nínú rẹ̀, tí adẹ́mu rẹ̀ sì jábọ́ lórí igi kú. Jíjábọ́ yẹn ló jẹ́ kí gbogbo ìrìn-àjò inú ìwé náà ṣẹlẹ̀. Nígbà tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá sọ ìwé náà di eré orí ìtàgé, "Ọ̀mùtí" ni ó pè é. Ọtí wá gba ipò ẹmu níbẹ̀ náà. (Tutuola gbé lọ́dọ̀ wa díẹ̀: ó wà ní Yunifásítì Ifẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùwádìí àlejò ní 1979.) Àwọn Kegites tí à ń rí tí wọ́n ń jó káàkiri ọgbà ilé-ìwé náà, Yunifásítì Ifẹ̀ yìí kan náà ni ẹgbẹ́ wọn ti ṣẹ̀ ní 1962, nígbà tí ilé-ìwé wa ṣì wà ní Ìbàdàn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo yà sọ́dọ̀ màmá kan tó ń tà á lẹ́bàá títì.

"Ẹ káàsán, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹmu ni àbí ògùrọ̀?"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ mu ún ni àbí o fẹ́ fi kọ ìwé?"

"Méjèèjì ni, Mà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ògùrọ̀ lèyí. Ti ọ̀pẹ ò wá lónìí. Bàbá tó ń bá mi dá a, orúnkún ń dùn wọ́n, wọn ò lè máa gùn lójoojúmọ́ mọ́. Àwọn ọmọ wọn wà l'Ékòó, ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn."

Mo bi í pé ta ni yóò máa gun ọ̀pẹ lẹ́yìn bàbá náà. Ó ní kí n bu tèmi kí n máa lọ, oníbàárà ń bọ̀ lẹ́yìn mi.

Ó bu ọlá fún mi nípa sísọ òótọ́. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń tà á ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ń bu omi lu ú, wọ́n ń fi ṣúgà tàbí sakarín-ìn sí i kí ó lè padà dùn. Èyí yàtọ̀ sí ti àwọn adẹ́mu apá ìlà-oòrùn tó ń fi èèpo igi kan, Sacoglottis gabonensis, sínú rẹ̀ kí ó má baà tètè kan. Ọgbọ́n àtijọ́ nìyẹn, tọmọdé tàgbà ló sì mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Ìjàǹbá tó burú jù kò sí nínú ẹmu fúnra rẹ̀, inú ògógóró ló wà, èyí tí wọ́n ń sè láti ara ògùrọ̀ tàbí ẹmu. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó lé ní ènìyàn 15 tó kú láàrin ọjọ́ díẹ̀. Àyẹ̀wò fi hàn pé methanol, ọtí olóró kan, ló wà nínú ohun tí wọ́n mu. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers náà lọ́dún yẹn, ìjọba sì fòfin de títa ògógóró. Ẹni tó ra ìgò yẹn ní "ògógóró" lórúkọ. Orúkọ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ohun tó wà nínú ìgò ni kò bá orúkọ mu.

Fún ẹni tó bá fẹ́ dá wọn mọ̀, ẹ̀yin tó ń mu ún: ògùrọ̀ tuntun sábà máa ń dùn ju ẹmu tuntun lọ, ó sì fúyẹ́ lẹ́nu, ẹmu ọ̀pẹ ní òórùn tirẹ̀ tó máa ń dé imú kí ife tó dé ẹnu. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mu sọ fún mi pé ẹmu ló ní láárí, àwọn ará Ìkálẹ̀ kò sì gbà bẹ́ẹ̀, n kò ní dá ẹjọ́ yẹn. Ẹ bèèrè ìgbà tí wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀, nítorí èyí tí wọ́n gbé láàárọ̀ yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí wọ́n gbé lánàá, ohun yòówù kí igi rẹ̀ jẹ́. Bí ó bá dùn ṣìnkìn ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n sì ní àná ni wọ́n dá a, ẹ mọ̀ pé ṣúgà ọjà ló ń sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ gbé e lọ sílé, ẹ má dé kẹ́ẹ̀gì náà pa. Ìwúkàrà inú rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ríbi gbà jáde. Bí ẹ bá dé yàrá tí ikùn kẹ́ẹ̀gì ti wú, ẹ gbé e síta, ẹ jìnnà sí aṣọ funfun, kí ẹ sì rọra ṣí i.